Bí wọ́n ṣe ń fọ ọkọ̀ áńbúláǹsì kó má baà kó àìsàn ràn èèyàn

Bí áńbúláǹsì bá gbé ẹni tó fara pa ní Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn dé ilé ìwòsàn UCH, iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì parí. Kò yẹ kí aboyún tí wọ́n máa fi ọkọ̀ yẹn gbé lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ lẹ́yìn náà fara kó àìsàn látinú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì.

Wọ́n á ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ìbòmú àti bàtà òjò. Abẹ́rẹ́ á wọ inú àpótí líle, aṣọ tó dọ̀tí á wọ inú ọ̀rá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á kàn da bílíìṣì lé ẹ̀jẹ̀ lórí. Chlorine inú bílíìṣì ló ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí ń gba agbára rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi àkísà gba ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, wọ́n á fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí bílíìṣì tó kàn. Bí chlorine inú bílíìṣì bá jẹ́ 3.5%, ife 1 rẹ̀ sí ife omi 6 ń di 0.5%. Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró bí ìpè bá tún wọlé, àmọ́ ìdúró yẹn gan-an ló ń pa kòkòrò. Wọ́n á wá fi omi ṣan án, torí bílíìṣì ń jẹ irin. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń po tuntun, oòrùn ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Wọn kì í pò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, torí èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn lára.

Láti òkè wá sílẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Abẹ́ irin sítírẹ́ṣà, bẹ́líìtì, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti sítíárì awakọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Fóòmù tó ti ya kò ṣeé fọ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibà Lassa, tí wọ́n dá mọ̀ ní 1969, máa ń jọ ibà lásán níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi wo ojú aláìsàn kí wọ́n tó fọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n á kọ àkókò àti orúkọ ẹni tó fọ̀ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lè rí i.