Ẹ Yé Ka Kálórì Nìkan Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Àpòlúkù

Bí àwọn kan bá ti jókòó síwájú mi, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Wọ́n ti kọ gbogbo kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ, tí wọ́n jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń retí kí n pàtẹ́wọ́ fún wọn. "Ẹ wò ó, 450 péré ni mo jẹ lánàá." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti lé ní oṣù márùn-ún tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìdínkù ara, èyí tí wọ́n fi ń sọ àpòlúkù di kékeré. Màá bi í pé purotéènì, èròjà tó ń mọ ẹran ara, tó wà nínú 450 náà jẹ́ gíráàmù mélòó. Á wojú mi, á wo fóònù, á tún wojú mi. Kò kà á. Tí a bá jọ jókòó ṣírò rẹ̀, omi ọbẹ̀, bísíkíìtì, èso díẹ̀ àti tíì ni, purotéènì tó wà níbẹ̀ kì í sì í pé gíráàmù 20.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Àmọ́ bí èmi tí mo kọ́ṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn kò bá sọ ọ́, àwọn tó ń ta lúúlú purotéènì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní sọ ọ́ fún yín.

Ti kálórì kò le, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé nǹkan olómi nìkan lẹ ń mu, 300 sí 600 lójúmọ́ ló sábà máa ń wọlé. Inú ṣì wú nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí oúnjẹ rírọ̀ bá wọlé, tí oúnjẹ líle tẹ̀lé e, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí 800 tàbí 1,000 títí di nǹkan bí oṣù kẹfà. Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀pọ̀ èèyàn á wà láàárín 1,000 sí 1,400. Ẹni tó ga, tó sì ń ṣiṣẹ́ agbára, lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yín bá fún yín ní iye mìíràn, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé, torí àwọn ló mọ ohun tí wọ́n gé àti ohun tó ṣẹ́ kù. Èyí tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹnì kan ń bá ẹnì kejì díje lórí ẹni tí yóò jẹ èyí tó kéré jù.

Purotéènì wá ńkọ́? Gíráàmù 60 lójúmọ́ ni kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ yín, 60 sí 80 ló tọ́ sí yín. Tí a bá fẹ́ fi ìwọ̀n ara ṣe é, gíráàmù 1 sí 1.5 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ ní ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ìwọ̀n tí ẹ gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn tí wọ́n yí ọ̀nà ìfun wọn padà gan-an, èyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pè ní duodenal switch, lè nílò 80 sí 120, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá jẹ ni ìfun wọn kì í gbà mọ́.

Ìdí tí mo fi ń pariwo rẹ̀ rèé. Lára ẹni tí wọ́n bá gé àpòlúkù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n yọ dànù. Ní ti irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní gastric bypass, tí wọ́n ti ń so ìfun mọ́ àpò kékeré kan tí wọ́n gé sílẹ̀ lókè àpòlúkù, àpò náà kì í gbà ju nǹkan bí mìlílítà 30 lọ níbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tó ń wọlé kò lè tó ohun tí ara ń ná, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn, kí ara lè máa jó ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ara kì í jó ọ̀rá nìkan. Ọ̀rá ní ibi tí ara ń kó o pamọ́ sí. Purotéènì kò ní irú ibẹ̀, gbogbo èyí tó wà lára wa ló wà lẹ́nu iṣẹ́: nínú iṣan apá àti itan, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú awọ, nínú ọkàn tó ń lù. Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí onílé tí igi ìdáná tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń yọ férémù ilẹ̀kùn fi dáná. Òṣùwọ̀n kò sì mọ ìyàtọ̀. Kílò ẹran ara tó lọ, kílò ọ̀rá tó lọ, bákan náà ló ń kà wọ́n. Ẹ̀ ń yọ̀ pé kílò mẹ́ta ti lọ, ẹ kò sì lè dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í.

Tí purotéènì bá ti kéré fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ á máa wú. Ẹ fi ìka tẹ ojúgun yín, bí ihò ibẹ̀ bá dúró tí kò tètè kún, ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ojú ọgbẹ́ kì í tètè san. Ó máa ń rẹ èèyàn ṣáá. Ti irun tó ń já, ẹ má tètè fòyà: láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà ló sábà máa ń já, iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ àti bí ara ṣe ń yára fọn ló ń fà á, ó sì sábà máa ń padà hù. Àmọ́ tó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí tí kò dáwọ́ dúró, a óò wo purotéènì, irin àti zinc inú ara yín.

Ẹ máa sọ fún mi pé àyè kò sí nínú yín fún gíráàmù 60. Àyè wà. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6. Wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, mìlílítà 250, ní 8. Ẹran àyà adìyẹ sísè, gíráàmù 100 láìsí eegun, ní nǹkan bí 30. Ẹja sísè tó wọn bẹ́ẹ̀ ní ju 20 lọ. Yógọ́ọ̀tì kíki, gíráàmù 100, ní bíi 10. Ẹ wá mú ẹyin méjì láàárọ̀, wàrà yẹn tó bá di ìyálẹ̀ta, ẹja gíráàmù 60 lọ́sàn-án, yógọ́ọ̀tì gíráàmù 150 nírọ̀lẹ́, adìyẹ gíráàmù 60 lálẹ́. Ó ti lé ní 60. Bí ẹ kò bá da òróró sí i, kálórì gbogbo rẹ̀ kò ju 600 lọ. Ààyè ṣì wà fún ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ètò jíjẹ. Ẹ̀ ń fi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe bíi kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹja, inú ti kún. Ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ. Kí ẹ rún un kúnná, kí ẹ má kánjú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọ́, tí àyè bá ṣẹ́ kù kí ẹ tó kan èyí tó kù. Ẹ má fi omi ti oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mumi, ṣùgbọ́n kí omi ọjọ́ kan tó lítà kan àbọ̀ ó kéré tán, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bísíkíìtì, áísìkiriìmù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń yọ̀ kọjá láìjẹ́ kí inú kún. Ibẹ̀ ni kílò tó ti lọ ń gbà padà wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta collagen, lúúlú tí wọ́n ń fi awọ àti eegun ẹran ṣe, fún yín pé òun ni purotéènì ọjọ́ yín. Inú máa ń bí mi sí èyí gan-an. Mẹ́sàn-án ni èròjà kéékèèké inú purotéènì tí ara kò lè dá ṣe, tó gbọ́dọ̀ ti inú oúnjẹ wá. Ọ̀kan wà nínú wọn tí collagen kò ní rárá, ìyẹn tryptophan. Ẹni tó mu gíráàmù 40 nínú rẹ̀, tó wá kọ ọ́ sí fóònù pé òun ti rí 40, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Omi eegun tí wọ́n sè títí náà kò yàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lúúlú, èyí tí wọ́n fi omi wàrà ṣe, tí wọ́n ń pè ní whey, dára. Ti sóyà náà dára.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ohunkóhun tó bá gbé mì ló ń dà padà. Ẹni tó ń ta tíì afọkùn fún un ní kó má dá a dúró, ó ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán. Ara ń fọn, inú àwọn ará ilé ń dùn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí èèyàn kan bíi méjì. Ó ń fọwọ́ kan ògiri rìn. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn, kò sì mọ̀ pé òun ṣì í. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n rí i pé omi ti tán lára rẹ̀, wọ́n sì fa omi oníṣúgà sí i lára. Gbogbo rẹ̀ wá le sí i. Ó yè é, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní kì í rántí ohun tí a sọ fún un láàárọ̀ tó bá di ọ̀sán.

Fítámì B1 ló tán lára rẹ̀, èyí tí à ń pè ní thiamine. Èyí tí ara ń tọ́jú kò pọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó lè tán pátá lára ẹni tí oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀. Òun ni ara fi ń sọ ṣúgà di agbára, ọpọlọ kò sì lè ṣe láìsí i. Tí ẹ bá wá da ṣúgà sí ara tí B1 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù á lọ sórí ṣúgà yẹn, ọpọlọ sì lè bàjẹ́. Dókítà ará Jámánì kan, Carl Wernicke, ti kọ nípa àìsàn ọpọlọ yìí láti ọdún 1881: ojú tí kò dúró sójú kan, ìrìn tó ń ta gọ́n-ọ́n gọ́n-ọ́n, ọkàn tó dàrú. Ẹ má dúró de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í jọ fara hàn.

Èébì tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì, ilé ìwòsàn ni. Bí omi lásán kò bá dúró nínú yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. B1 oníhóró kò wúlò fún ẹni tó ń bì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé, torí ẹ lè má lè sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà: "Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù fún mi, ọjọ́ báyìí ni wọ́n ṣe é. Mo ti ń bì láti ọjọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́ thiamine kí ẹ tó fa omi oníṣúgà sí mi lára, tàbí kí ẹ fún mi ní méjèèjì pa pọ̀."