Adájọ́ ti fún un ní béèlì, kí ló tún ń ṣe lẹ́wọ̀n?

Àwọn ìyá tó ń wá bẹ ọmọ wọn wò lẹ́wọ̀n kì í kọ́kọ́ bi àwa lọ́yà nípa ẹjọ́. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ibo lọmọ mi ń sùn?" Ìbéèrè gidi ni. Lálẹ́, nínú yàrá tí wọ́n kó wọn sí, ni ìyà ẹ̀wọ̀n ti ń mú èèyàn jù, ìyà náà kì í sì í dúró kí kóòtù dá a lẹ́bi kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ ná, ká tó wá sórí ohun tí ẹbí lè ṣe.

Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2015 tí wọ́n sì fi Nelson Mandela sọ lórúkọ, ní kí kálukú ní yàrá tirẹ̀ lálẹ́. Níbi tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ń sùn, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀ yan àwọn tó lè jọ gbé, kí kálukú sì ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ bá ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi gbé, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ bá àgbà gbé. Àjọ Red Cross ní tiwọn fi ìwọ̀n sí i: nínú yàrá àjọgbé, ó kéré tán, square metre 3.4 fún ẹnì kan.

Ẹ mú yàrá kan tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 5. Èèyàn 8 ni ìwọ̀n yẹn gbà níbẹ̀. Tí ẹ bá kó 20 sínú ẹ̀, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ju ẹní kan lọ, gígùn mítà 2, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 75, ẹ ò sì tíì yọ ibi tí garawa omi, ẹrù wọn àti ibi tí wọ́n ń ṣe gáà wà. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa fi lélẹ̀. Tí ẹnì kan bá fẹ́ yí, gbogbo ìlà ló máa yí. Níbi tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan á nàró kí àwọn tó kù lè sùn, wọ́n á sì pààrọ̀ tó bá di ọ̀gànjọ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan mí síta ni ẹlòmíràn ń fà símú, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fée fi máa ń rí ilé gbé nínú ẹ̀wọ̀n, kúrúnà náà sì ń bá a rìn. Ẹ̀yin tó ń lọ bẹ èèyàn yín wò, ẹ máa tẹ́tí sí ikọ́ rẹ̀. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún àwọn tó ń rí sí ìlera nínú ọgbà pé kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò ó.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Kàbbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n ń kó èèyàn wa, àwa Okun, láti Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú lọ, ọdún 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀, èèyàn 200 ni wọ́n sì ṣe é fún. Nígbà tí àwọn agbébọn já wọ ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, èèyàn 294 ni àjọ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ pé ó wà níbẹ̀. Nínú 294 yìí, àwọn 224 ni ẹjọ́ wọn ò tíì parí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní ìdajì àwọn 224 yẹn ń ti ilé wọn wá jẹ́jọ́, èèyàn 182 ni ì bá kù lọ́gbà, àyè ì bá sì ṣẹ́ kù. Bó ṣe rí ní Kàbbà náà ló rí káàkiri Nàìjíríà: nínú ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta, bíi méjì ni kóòtù ò tíì dá lẹ́bi.

Àwọn kan ní kí ìjọba sáà kọ́ ọgbà púpọ̀ sí i. Mi ò bá wọn jà, àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà tó wáyé ní 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ pàápàá lè ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà àbáwọlé bá gbòòrò, tí ọ̀nà àbájáde há, ilé tuntun náà á kún. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 2019 tiẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ọgbà lágbára láti kọ èèyàn tuntun tí àyè bá ti kún. Ó dára lórí ìwé. Wọ́dà wo ló fẹ́ dá ìwé àṣẹ adájọ́ padà lójú ọlọ́pàá?

Ọ̀nà àbájáde tó há yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, tí kajú bá ti ń já, ẹjọ́ olè kajú náà máa ń dé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n mú ọmọkùnrin kan ní Bùnú, wọ́n ní ó jí àpò kajú méjì. Ó ní òun ò jẹ̀bi. Adájọ́ Májísíréètì fún un ní béèlì: 200,000 náírà, onídùúró méjì, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, kí èkejì ní ilé tàbí ilẹ̀ lágbègbè kóòtù, kó sì mú C of O rẹ̀ wá, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ilẹ̀. Ìyá ọmọ gbọ́ béèlì, ó dúpẹ́, ó sáré lọ sílé lọ se oúnjẹ. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ wọ́dà ló máa gbé ọmọ náà lọ lọ́sàn-án yẹn, ibẹ̀ ló sì máa wà títí ìwé àwọn onídùúró yóò fi pé, tí akọ̀wé kóòtù yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí adájọ́ yóò fi fọwọ́ sí i.

Ta ló wá ní C of O lábúlé? Nílẹ̀ Okun, ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù. Bàbá fi sílẹ̀, ọmọ ń dá oko níbẹ̀, gbogbo ará àdúgbò mọ ibi tí ààlà wà, kò sí ẹni tó gbé e lọ sí Lọ́kọ́jà láti lọ gba ìwé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú ẹbí, Àbújá tàbí Èkó ló wà. Èyí tó wà nítòsí ní òun ò fẹ́ wàhálà níbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ á di oṣù. Láti 2024, 1,125 náírà ni owó oúnjẹ tí ìjọba ń ná lórí ẹlẹ́wọ̀n kan lóòjọ́, 750 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tí ọmọkùnrin yìí bá fi oṣù mẹ́fà jókòó síbẹ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ nìkan á ti lé ní 200,000 náírà, nítorí àpò kajú méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn pé òun ló jí i.

Béèlì tó le ṣeé yí padà. Agbẹjọ́rò lè padà sí kóòtù kan náà, kó ní kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ apá kan rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, High Court wà. Òfin ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé béèlì ò gbọdọ̀ pọ̀ kọjá agbára, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ onídùúró torí pé obìnrin ni. Kogí náà ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún lọ́yà yín pé kó tọ́ka sí i. Nípa ilẹ̀, ohun tí èmi máa ń bèèrè fún dípò C of O ni ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọba ìlú tàbí baálẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbúra tí olórí ẹbí ṣe ní kóòtù. Adájọ́ kan á gbà, òmíràn á ní rárá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ẹbí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé bèèrè.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe é. Adájọ́ lè lọ fún ìsinmi, wọ́n lè gbé e lọ síbòmíràn. Ní 2021, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin wọ oṣù kẹfà, kò sí kóòtù tí èèyàn lè gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ. Tí owó lọ́yà ò bá sí, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní gba ẹjọ́ rò, ń gba ẹjọ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́jà.

Ẹjọ́ ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè yàtọ̀. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ọ, síbẹ̀ iwájú rẹ̀ ni ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ gbé èèyàn lọ, á ní kí wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀ sẹ́wọ̀n, fáìlì á sì gba Lọ́kọ́jà lọ kí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ lè sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ibẹ̀ ni fáìlì ti ń sùn. Ẹ ní kí lọ́yà kọ̀wé tẹ̀ lé e, kó mú nọ́ńbà ẹjọ́ dání. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé tí wọn ò bá gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó wà látìmọ́lé láàárín oṣù méjì, ó yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó máa ti ilé wá, àfi tí ẹ̀sùn rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó la ikú lọ. Abala yẹn kan náà ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dúró de ìdájọ́ lẹ́wọ̀n kọjá iye ọdún tó pọ̀ jù tí òfin là kalẹ̀ fún ẹ̀sùn rẹ̀. Tí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ bá wá yẹ ọgbà wò, ó láṣẹ láti tú irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà bóyá orúkọ èèyàn yín wà nínú ìwé tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀.

Ní ti gbèsè àti owó àjọ, òfin 2015 tí mo dárúkọ ní ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí ẹ̀. Béèlì ọlọ́pàá náà, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn.

Ó wá ku ẹ̀rù onídùúró, èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ béèlì dúró ju owó lọ. "Bárísítà, tó bá sá lọ ńkọ́, ṣé èmi ni wọ́n á gbé jù sẹ́wọ̀n dípò ẹ̀?" Wọn kì í mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Iye tí onídùúró fọwọ́ sí nínú ìwé ni kóòtù máa bi í. Wọ́n á pè é kó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó san án. Tó bá kọ̀ tí kò san, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, wọ́n sì lè rán òun gan-an lọ sẹ́wọ̀n nítorí owó náà. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí ẹ lọ gba àwọn onídùúró tó ń gbowó níwájú kóòtù. Tí wọ́n bá wá wọn tì, béèlì á bàjẹ́, ọmọ yín á padà síbi tó ti wá. Kò sì sí owó tí onídùúró ń kó sílẹ̀ lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i, àfi tí adájọ́ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, èyí náà sì gbọdọ̀ ní rìsíìtì. Kó gba ẹ̀dà ìwé tó fọwọ́ sí, kó máa kọ ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, kí òun àti olùjẹ́jọ́ jọ máa wọkọ̀ lọ. Tó bá fura pé onítọ̀hún ń palẹ̀ mọ́, kó lọ sí kóòtù kí ọjọ́ tó pé, kó ní òun ò ṣe mọ́. Wọ́n á ránṣẹ́ pe olùjẹ́jọ́, tó bá ti dé iwájú adájọ́, wọ́n á tú onídùúró sílẹ̀, olùjẹ́jọ́ á sì wá ẹlòmíràn.