Èló Ni Singer Ìyá Àgbà?

Ọmọkùnrin kan gbé maṣíìnì ìránṣọ Singer ìyá àgbà ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá láàárọ̀ Sátidé kan. Ó fi ìró àdìrẹ dì í bí ẹni di ọmọ tuntun, kó sì tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Orí Singer dúdú, ìyẹn maṣíìnì gan-an láìsí tábìlì àti ẹsẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe ẹrù ọmọdé, nǹkan bíi kílò 13 ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n ní mílíọ̀nù ni wọ́n ń rà á."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni, sà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún maṣíìnì ṣe, mi ò sì rántí ìgbà tí oṣù kan kọjá tí irú ẹ̀ ò wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa ariwo yẹn, torí àwọn kan ti sọ owó nù nídìí ẹ̀. Lọ́dún 2009, ó gba Saudi Arabia kan: wọ́n ní nǹkan olówó ńlá kan tó ń jẹ́ red mercury wà lára Singer àtijọ́, pé ẹni tó bá gbé fóònù sún mọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ tí ìpè já, ó ti rí i nìyẹn. Àwọn kan san tó 200,000 riyal lórí ẹyọ kan. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo ti tú orí Singer palẹ̀ títí mi ò kà á mọ́. Òróró gbígbẹ ni mo ń bá, èérún òwú, nígbà mìíràn ẹyin aáyán. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó àyẹ̀wò kí oníbàárà òkè òkun tó dé, gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù yẹn.

Èyí tó le jù láti gbà ni pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń dá owó lé maṣíìnì. Ọdún 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ ohun tó ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní 1885, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ràgàjì kan sí Clydebank ní Scotland, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú èyí tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ti wá. Lọ́dún 1913, maṣíìnì tó jáde níbẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù kan! Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 1980, ṣùgbọ́n ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣì ń jẹ́ Singer títí dòní. Ohun tó pọ̀ tó báyẹn, tí irin ẹ̀ kì í sì í tètè kú, báwo ló ṣe máa wọ́n torí pé ó pẹ́? Ìyá àgbà yín ní ọ̀kan, ìyá àgbà ilé kejì náà ní.

Síbẹ̀, ó dáa kí ẹ mọ ọdún ẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún lórí pẹpẹ maṣíìnì, ní ìdí òpó. Ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sínú irin. Bí ìdọ̀tí bá bò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti òróró maṣíìnì díẹ̀ ṣí i lójú. Èyí tí kò ní lẹ́tà rárá ti wà ṣáájú 1900. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú nọ́ńbà. Láti 1935, ti Clydebank wá ń ní lẹ́tà méjì tí E ń ṣíwájú: EA ló kọ́kọ́ dé, EG bọ́ sí nǹkan bí 1950, ES sí nǹkan bí 1960. Àwọn kan tún ní àmì tí wọ́n kọ 1851 sí 1951 sí, ti ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó ń tà á máa ń pariwo àmì yẹn bí ẹni hú wúrà. Mi ò tíì rí oníbàárà kan tó torí ẹ̀ fi kọ́bọ̀ lé owó.

Irú tó jẹ́ ló ṣe pàtàkì, bọ́bìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí, ló sì máa ń tú àṣírí ẹ̀. Ẹ fa awo irin kékeré tó wà lẹ́bàá abẹ́rẹ́. Bí ohun tí ẹ bá níbẹ̀ bá gùn, tó ṣe ṣóńṣó bí ọta ìbọn, model 27, 28, 127 tàbí 128 nìyẹn. Wọ́n lẹ́wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò lè ránṣọ padà sẹ́yìn, télọ̀ tó ń kánjú aṣọ ìgbéyàwó ò ní ráyè tiwọn. Bí bọ́bìn bá rí roboto tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ awo, 66 ni, tàbí àbúrò ẹ̀ 99. Bó bá dúró lórí ìdí, tó ń ti ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé nínú ilé ẹ̀, 15 ni, òun gan-an ni ojú mi máa ń wá. Ìdí ni pé ara 15 ni àwọn ará Ṣáínà wò tí wọ́n fi ń ṣe orí Butterfly tó kún ìgboro. Ẹ̀yà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń sáré rà níwájú ilé, òun náà ni Singer 15 ń lò. Model 12 tí ìbàdí ẹ̀ há bíi ti jìtá ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ò bá ti àwọn yòókù mu, àtirí i sì di wàhálà. Ohun ọ̀ṣọ́ ni kí ẹ kà á sí.

Ẹyọ kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo wọn: 221, tí wọ́n ń pè ní Featherweight. Láti 1933 dé 1968 ni wọ́n fi ṣe é. Kò ju bíi kílò 5 lọ, pẹpẹ ẹ̀ lápá òsì ń ká sókè, inú àpótí dúdú kékeré ló sì ń gbé. Àwọn tó ń ran aṣọ alábùlẹ̀ aláràbarà ní Amẹ́ríkà àti Britain ń du tirẹ̀, èyí tó pé pérépéré sì ń lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ka ìwé ní London láyé ọjọ́sí tó gbé irú ẹ̀ bọ̀, ẹ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó wá ni. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, oníbàárà kan gbé 127 wá tí àwòrán góòlù ara ẹ̀ ṣì ń dán: ẹranko oníyẹ̀ẹ́ tó ní orí ènìyàn, bí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ṣe máa ń yà á. Mo fẹ́ kí ọ̀gá mi yìn mí, mo da sípíríìtì sí àkísà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ún. Dúdú ara ẹ̀ kọ́kọ́ ṣá, lẹ́yìn náà ni góòlù bá àkísà lọ. Ẹranko náà ò ní ojú mọ́. Fáníìṣì orí ẹ̀ ni sípíríìtì jẹ, òun ló sì ń dáàbò bo àwòrán. Ọ̀gá mi ò lù mí. Ó ní kí n lọ fẹnu ara mi sọ fún onínǹkan. Títí dòní, òróró maṣíìnì àti aṣọ rírọ̀ ni mo fi ń nu ara wọn. Kerosíìnì, inú irin nìkan ni mo ń kán an sí. Ẹ má sì jẹ́ kí péńtà fi dúdú tuntun kun ún. Oníbàárà á máa bi ara ẹ̀ ohun tí ẹ fi ọ̀dà bò.

Kí ẹ tó dárúkọ owó, ẹ yí wíìlì sọ́dọ̀ ara yín. Bó bá ń lọ wẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi òwú sí i, ẹ rán ègé àǹkárá tí ẹ ṣẹ́ po sí méjì, ẹ yí i padà wo ìsàlẹ̀. Bó bá gan pinpin, ẹ má bá a jà. Òróró àtijọ́ ló gbẹ bí àtè. Ẹ kán kerosíìnì sí gbogbo ojú ihò òróró, ẹ gbé e sójú oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọ̀la kí ẹ tún tó yí i. Mo ti rí èyí tó gba ọjọ́ mẹ́rin. Irin tó ti sán, tàbí ìpata tó jẹ wọ ibi tí bọ́bìn ń yí sí, ni kì í gbọ́ oògùn.

Owó wá kù. Onírin jákujàku á fi ìwọ̀n rà á, òun ni ẹ máa bá kẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé oúnjẹ ń wo àwòrán àti ẹsẹ̀ irin tí wọ́n kọ Singer sí. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan lè tà fún káfíńtà tó ń ṣe tábìlì, àmọ́ ẹ má yára yà á kúrò lára orí ẹ̀. Télọ̀ ló máa ń sanwó gidi, ìrònú tiẹ̀ sì rọrùn: èló ni orí Butterfly tuntun lónìí? Ẹ lọ béèrè iye yẹn lọ́jà lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ tà, torí ti oṣù tó kọjá ti yí padà. Bí 15 yín bá ń rán dáadáa, ẹ má gbà kó dín sí ìdajì iye yẹn. Àgbà télọ̀ tó mọ iyì irin á gun òkè díẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò, ẹ má wo iye tí wọ́n ń béèrè, torí kò sí iye tí ẹnu ò lè dá. Lórí eBay, ẹ tẹ ibi tó ń fi èyí tó ti tà hàn. Singer dúdú lásán, iye tí kò tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ló sábà máa ń tà ní Britain. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún á ti rí bí AllSaints, àwọn alágbàtà aṣọ, ṣe tò ó sójú fèrèsé ìtajà wọn nígbà kan bí ẹni to iṣu. Owó ọkọ̀ láti ìhín dé ọ̀hún á gbé èrè mì.

Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà, fọ́tò abẹ́ ẹ̀, àti fídíò tó ń ránṣọ tí ariwo ẹ̀ ń jáde. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ kí oníbàárà tó rí i fúnra ẹ̀. Bó bá jẹ́ wáìbíìlì, ẹ tú orí kúrò lára pákó, ẹ di méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin á fọ́ pákó kó tó dé Òṣogbo.

Singer ti ọmọkùnrin wa, 15K ni, ìyẹn 15 tí wọ́n ṣe ní Clydebank, EG ló ṣíwájú nọ́ńbà ẹ̀. Mo tún un ṣe, télọ̀ obìnrin kan nítòsí wa sì rà á ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye Butterfly tuntun. Nígbà tó ń gbé e lọ, ó ní kí wọ́n fi ìró àdìrẹ yẹn jàárá. Ọmọ náà ká ìró ẹ̀, ó fi há abíyá, ó ní ìyẹn ò sí lára ọjà.