Ẹ má kan ìṣó mọ́ akọ ìbẹ́pẹ

Bí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé bá ti ń tanná léraléra tí kò so, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ẹnìkan á ní igi aláìléso ni, ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn lára kí ẹ̀rù lè bà á, kó so. Àwọn kan á ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí, pé bó bá tún rú, á ti di abo. Mo ti rí èyí tí wọ́n kan ìṣó mọ́: ojú ìṣó ti ń jẹrà, oje ń ṣàn, òdòdó sì ń rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó mú òòlù, ẹ wo òdòdó rẹ̀. Ti akọ kéré, ó sì pọ̀ jọ sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó ń rọ̀ wálẹ̀ láti ìdí ewé. Ti abo tóbi jù ú lọ, ó lẹ̀ mọ́ ara igi pẹ́kípẹ́kí. Ẹ bá ya á wò, ẹ ó rí ọmọ èso róbótó nínú rẹ̀. Akọ ò ní èyí. Ibo ni èso ó ti wá?

Ìyẹ̀fun òdòdó ni iṣẹ́ akọ. Kòkòrò ló ń gbé e lọ bá abo, pàápàá àfòpiná tó ń fò lálẹ́. Ẹni tó bá fìbínú gé akọ kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, kó má yà á lẹ́nu bí òdòdó abo tó ti ń so dáadáa bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù, tàbí tó bá so wẹ́wẹ́ tí kò ní kóró. (Wọ́n á tún ní ayé ti dé ìdí ìyẹn náà!) Akọ kan tó abo bíi 10.

Takọtabo náà wà, tó lè dá so láìwá akọ kiri. Òun ló ń so ìbẹ́pẹ gígùn tí wọ́n ń pè ní akọ lọ́jà. Róbótó ni èso abo máa ń rí.

Ohun tó jẹ́ kí ìṣó níyì ni pé akọ mìíràn máa ń yà bàrá bí ojú ọjọ́ bá yí padà: á so díẹ̀, èso náà á máa rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá gígùn. Bó bá bọ́ sí ẹ̀yìn ọjọ́ tí wọ́n kan ìṣó, ìṣó ló gba ọpẹ́. Ṣùgbọ́n inú kóró ni igi ti jẹ́ akọ tàbí abo. Kò sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ ọ́n níbẹ̀, kì í báà ṣe pé ó dà á sómi bóyá á léfòó.

Kóró èso abo tí akọ fún níyẹ̀fun, bí ìdajì rẹ̀ á jẹ́ akọ. Èyí tó wá láti inú èso takọtabo tó dá ara rẹ̀ so kì í mú akọ jáde rárá: takọtabo méjì sí abo kan ni. Ẹni tí kò bá mọ orísun kóró rẹ̀, kó gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sójú kan. Lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, bí wọ́n bá ti tanná, kó fa akọ tó pọ̀ jù tu, kó sì dá akọ kan sí.