Kò di dandan kí o fi orúkọ ẹlòmíràn ra ilé ní Gánà

Jókòó sí ìsọ̀ aláṣọ kan lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà, kí ọ̀rọ̀ Gánà ṣèèṣì bọ́ sílẹ̀, wàá gbọ́ ọ: "Àlejò ò lè ní ilé ní Gánà. Wá ọmọ ìlú wọn tó o fọkàn tán, kó o fi orúkọ rẹ̀ rà á." Àwọn àgbà ń sọ ọ́, àwọn ọmọ náà ti gbà á gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti ná àwọn èèyàn wa lówó.

Mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tàjà dé Kùmásí, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó máa lọ. Ọ̀pọ̀ di ẹrù, wọ́n fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára wa. Àmọ́ ìwé ìgbélùú ni àṣẹ yẹn ń bèèrè, kì í ṣe ìwé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn ti ọdún 1992, abala 266. Ó ní àjèjì kò lè ní ilẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n ó lè gba líìsì (ìwé háyà ilẹ̀ fún iye ọdún kan) tí kò ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan, ní orúkọ ara rẹ̀. Bó bá parí, òun àti onílẹ̀ lè jọ sọ̀rọ̀ òmíràn. Ẹni tí ọdún 50 bá kéré lójú rẹ̀, kó wo C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀ tiwa) tó wà nínú àpótí bàbá rẹ̀: ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe títí ayé, torí òfin ilẹ̀ wa ti 1978 ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ẹ̀yin tí ìwé bàbá àgbà yín láti Gánà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́ eléyìí: ilẹ̀ títí ayé tó wà lọ́wọ́ àjèjì lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, òfin yẹn sọ ọ́ di líìsì ọdún 50 láti ọjọ́ náà. Ó ti parí lọ́dún 2019.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ra ilẹ̀ ní Kùmásí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ibẹ̀, sórí ìwé. Ọ̀rẹ́ náà ò dalẹ̀ rí títí tó fi kú. Ìgbà tó kú ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìwé jáde. Ẹbí ìyá rẹ̀ náà dé, torí ní àṣà Àṣáńtì, ọ̀dọ̀ ìyá ni ogún ń gbà. Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi? Ọ̀rá dúdú kan tí rísíìtì sìmẹ́ǹtì, páànù àti owó káfíńtà kún inú rẹ̀. Ó tú u sórí tábìlì ní pálọ̀ wa, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ti ṣá débi pé ojú ò lè kà á mọ́. Lọ́yà wò ó títí, ó ní: "Bàbá, èyí fi hàn pé ẹ kọ́lé. Kò fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín." Bàbá kó wọn padà sínú ọ̀rá, kò sọ nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ ì bá ti wà lórí ìwé yẹn láti ọjọ́ kìíní!

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní kí àjèjì má ra ilé, àmọ́ ilé ò fún un ní fíìsà. Dubai ní àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àjèjì. Kánádà ti ní kí ọ̀pọ̀ àjèjì má ra ilé gbígbé láti oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n sì ti sún òpin òfin náà dé oṣù Kìíní ọdún 2027.

Ní Gánà, ẹ gba lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kó lọ yẹ ilẹ̀ náà wò ní Lands Commission, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kó mọ ẹni tó ni ín gan-an, kó sì fi orúkọ yín forúkọ líìsì náà sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun "kọ́kọ́ fi orúkọ òun gbé e ná", ẹ dá owó dúró.