Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ò rí nínú fídíò yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ránṣọ ní Ìbàdàn. Inú ìwé ló máa ń kọ owó oníbàárà sí: ta ló ti san àsansílẹ̀, ta ló kù tó fẹ́ san. Mo ní kí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Nítorí pé mi ò sí nítòsí láti jókòó tì í, mo ṣe fídíò ìṣẹ́jú 8 fún un ní èdè Yorùbá lórí LibreOffice Calc, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí a fi ń to owó sínú tábìlì tí a sì fi ń ṣírò rẹ̀. Nígbà tí mo délé lọ́dún Àjíǹde, mo ní kó ṣe é lójú mi. Ó gbé fóònù ti ike omi, ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó ń tẹ̀ lé ohùn mi. Nígbà tó débi tí mo ti ní kó kọ =SUM(B2:B9), àṣẹ tó ń ro owó inú àpótí B2 títí dé B9 pọ̀, ó kọ ọ́ láìṣàṣìṣe kankan. Ó wá dúró. Ó wo fóònù, ó wo kọ̀ǹpútà. Nínú fídíò, àròpọ̀ owó ti jáde; lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, =SUM ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Ó dá fídíò padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní, "Àbúrò mi, ó jọ pé kọ̀ǹpútà tèmi ti bàjẹ́ o."

Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́. Mo tẹ Enter nínú fídíò, mi ò sì sọ ọ́. Ìka mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ débi pé mi ò mọ̀ pé mo tẹ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ fídíò ojú kọ̀ǹpútà kì í ya ọwọ́ ẹni. Ohun tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń yà. Ẹni tó bá fẹ́ fi fídíò kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Gbogbo bọ́tìnì tí ẹ bá tẹ̀, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Tó bá jẹ́ bọ́tìnì méjì ni, ẹ má kàn sọ pé "Control S" kí ẹ sì máa lọ. Ẹ sọ pé: "Ẹ tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, ẹ má tíì tú u sílẹ̀, ẹ wá fi ìka mìíràn tẹ S lẹ́ẹ̀kan." Máòsì náà ní tirẹ̀. Títẹ òsì àti títẹ ọ̀tún ò yàtọ̀ lójú ẹni tó ń wò, nítorí náà ẹ sọ èyí tó jẹ́. Lórí Linux, ètò tí àwọn kan ń lò dípò Windows, irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Screenkey, tó máa ń kọ bọ́tìnì tí ẹ bá tẹ̀ síta lójú kọ̀ǹpútà. Ó dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹnu jù ú lọ, torí ojú ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ kì í dúró lójú kan.

Orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ pè. Bí wọ́n bá kọ Save sí i, ẹ pè é ní Save, kí ẹ tó wá ṣàlàyé pé ìpamọ́ ni. Bí ẹ bá sọ pé "ẹ tẹ ìpamọ́" lásán, ẹni yẹn á máa wá ohun tí kò sí. Ẹ sọ ibi tó wà pẹ̀lú: lókè pátápátá, lọ́wọ́ òsì, ọ̀rọ̀ kìíní, File.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ rárá, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ máa sọ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe Spoken Tutorial ní IIT Bombay, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Íńdíà, tí wọ́n ń fi fídíò bí ìṣẹ́jú 10 kọ́ni ní irú àwọn sọ́fítíwià yìí, ní àṣà kan tí mo gbà pé òun ló dára jù. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n á gbé e fún ẹni tí kò mọ sọ́fítíwià ọ̀hún rí pé kó máa kà á kó sì máa ṣe é. Ibi tó bá ti há, ibẹ̀ ni wọ́n á tún kọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó gba fídíò. Ohùn á wá yí sí oríṣiríṣi èdè Íńdíà, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ò sì ní yí padà. Ká ní mo ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé yẹn lọ́jọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ Enter ì bá ti tán kí n tó gba fídíò. Ẹ wá ẹnìkan, ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ìpanumọ́ yẹn le gan-an. Ọwọ́ á máa yún yín láti tọ́ka. Ẹ jẹ́ kó há, kí ẹ kọ ibi tó há sí sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi dúró lórí sọ́fítíwià open source ni pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì fún wa láyè láti ṣẹ̀dà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè gba LibreOffice lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ojúlé àwọn tó ni ín, kí ẹ gbé e sórí fúláàṣì pẹ̀lú fídíò yín, kí ẹ gbé e yí gbogbo ọmọṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ká. Kò sí ẹni tó máa san kọ́bọ̀, kò sì sí òfin tí ẹ rú. Níbi tí dátà ti wọ́n bí a ṣe mọ̀ ọ́n yìí, nǹkan ńlá ni.

Ó níṣòro kan ṣá: ó máa ń yí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni LibreOffice máa ń gbé ẹ̀dà ńlá jáde, láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti ń fi ọdún àti oṣù sọ ọ́ lórúkọ, bíi 24.2 àti 24.8. Ẹ dárúkọ ẹ̀dà tí ẹ ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò. Kí ẹ sì gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ kan fún fídíò kan, kó lè jẹ́ pé èyí tó bá ti yí padà nìkan ni ẹ máa tún ṣe.

Kọ̀ǹpútà tiyín náà lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹ ti tò ó bó ṣe wù yín, àwọn bọ́tìnì ti kúrò ní ààyè wọn. Ẹ ṣí àkáǹtì tuntun sórí kọ̀ǹpútà yín fún fídíò nìkan, kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe máa wà lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: àlááàtì báǹkì ò ní yọ sókè láàárín ẹ̀kọ́.

Ẹ rántí pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ á ti wò ó. Ẹ fi ojú kọ̀ǹpútà sí 1280 × 720, ẹ mú lẹ́tà inú Calc tóbi sí 150%, kí ẹ fi ọfà máòsì tó tóbi sí i. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ nǹkan, ẹ gbé ọfà débẹ̀, ẹ dúró, ẹ sọ ọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

OBS Studio ni mo fi ń gba fídíò. Òun náà open source ni. Nínú Settings, lábẹ́ Output, ẹ yan mkv, irú fáìlì fídíò kan. Bí iná bá lọ lójijì tí bátìrì ò sì gbé e, ohun tí ẹ ti gbà sínú mkv á ṣì wà, ṣùgbọ́n mp4 lásán lè bàjẹ́ pátápátá. Ẹ lè sọ ọ́ di mp4 nígbà tí ẹ bá parí: ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Remux Recordings. Ìwọ̀n dátà ńkọ́? Bí bitrate, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí fídíò ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bá jẹ́ 2,500 kbps, fídíò ìṣẹ́jú 10 á sún mọ́ 200 MB. Ojú kọ̀ǹpútà kì í sáré bíi bọ́ọ̀lù. 800 kbps máa ń tó o, èyí á sì wá sí bíi 70 MB.

Ohùn ló ṣe pàtàkì jù. Ènìyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́, ṣùgbọ́n ohùn tó ń há á lé e lọ. Mo máa ń gba tèmi ní ìdájí, nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, torí aṣọ kì í jẹ́ kí ohùn padà láti ara ògiri. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Nínú Audacity, sọ́fítíwià tí a fi ń tún ohùn ṣe, ẹ yan ìdákẹ́ yẹn nìkan, ẹ ṣí Noise Reduction, ẹ tẹ Get Noise Profile. Ẹ wá yan gbogbo ohùn, ẹ tún ṣí Noise Reduction, kí ẹ tẹ OK. Ariwo tó dúró lójú kan, bíi ti fáànù tàbí jẹnẹrétọ̀ òkèèrè, á rọlẹ̀. Kò lè mú ohùn ọlọ́jà tó ń polówó kọjá kúrò o. Ẹ má sì lò ó jù, kí ohùn yín má bàa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù.

Mo tún ìṣẹ́jú 2 tí ọ̀rọ̀ =SUM wà nínú rẹ̀ gbà, mo sì sọ Enter jáde dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ń lò ó. Ó ti gbé fídíò náà fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí. Ọmọ náà rí àkámọ́ lórí bọ́tìnì 9, ó tẹ̀ ẹ́, 9 ló jáde. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó tẹ Shift mọ́lẹ̀ ná. Lọ́la ni màá tún un gbà.