Fúláàṣì Tó Kọ̀ Láti Ṣí Lórí Linux

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Kabba, akẹ́kọ̀ọ́ á mú fúláàṣì wá, wọ́n á kì í bọ kọ̀ǹpútà, iná rẹ̀ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kò tún sí nǹkan mọ́. "Ó ti kú nìyẹn." Ìdájọ́ yẹn ti yá jù. Kernel, ọkàn Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, máa ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ àṣẹ sudo dmesg -w, tó ń fi àkọsílẹ̀ yẹn hàn, sínú terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ) kó tó ki fúláàṣì bọ ihò á máa rí i bó ṣe ń jáde.

Kernel á kọ́kọ́ bi fúláàṣì pé ta ni ọ́. Lẹ́yìn náà ni á wá dírẹ́bà (ètò kékeré tó ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́) fún un, usb-storage tàbí uas, kó tó sọ ọ́ lórúkọ, bíi sdb. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dúró ni kí a wò.

Bó bá jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ló ti kọ error -71, èsì ti dàrú lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ -110, ó dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Wáyà, ihò tàbí iná ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Lásìkò ọyẹ́, eruku nìkan tó láti dí ihò. Iná tí ìlànà ní kí ihò USB 2.0 fún ẹ̀rọ kò ju 500 mA (mílíáḿpíà) lọ, ti USB 3.0 jẹ́ 900. Hard disk tó ń yí lè fẹ́ ju 500 lọ nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára hub (ohun tó ń sọ ihò kan di púpọ̀), ẹ kì í bọ ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà ń so ti iwájú mọ́ bọ́ọ̀dù.

Èyí tó ń dáni lágara jù ni hard disk tó ṣí dáadáa, tó wá ń gan nígbà tí a bá ń kó fáìlì ńlá, tí dmesg sì ń dárúkọ uas_eh_abort_handler. Àárín uas àti ṣíìpù inú ike tó gbé disk náà ni ìjà wà. Àṣẹ lsusb á fi nọ́ńbà ṣíìpù náà hàn, ká ní 152d:0578. A ó fi usb-storage.quirks=152d:0578:u kún ìlà tí kernel fi ń gbéra, kó lè fi uas sílẹ̀, kó lo usb-storage. Eré rẹ̀ á dín díẹ̀, àmọ́ kò ní gan mọ́.

Bí sdb bá hàn tí kò ṣí, ó lè jẹ́ exFAT (ọ̀nà kan tí a fi ń to fáìlì sórí fúláàṣì) lórí kernel tó ti pẹ́ ju 5.4 lọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n bí dmesg bá ń kọ critical medium error, fúláàṣì gan-an ló ń kú lọ: ẹ má fi fsck, àṣẹ tó ń tún ètò fáìlì ṣe, kàn án; ddrescue, èyí tó ń ṣe ẹ̀dà ohun tó bá ṣì ṣeé kà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kó ohun inú rẹ̀.